Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: OORUN, ÌSINMI ÀTI ÌFỌ̀KÀNBALẸ̀ ABIYAMỌ

Àwọn okùn tín-ín-rín kan wà nínú ara wa tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara, tí wọ́n sì ń mú èsì padà. Iṣan ìmọ̀lára ni à ń pè wọ́n. Apá kan nínú wọn ń jí ara: bí ẹ̀rù bá bà wá, àyà á máa lù kìkì, a ó sì máa mí lemọ́lemọ́. Apá kejì ń fi ara balẹ̀: oúnjẹ á dà, oorun á sì wá. Méjèèjì ló wúlò, ṣùgbọ́n bí apá kìíní kò bá sinmi, ara kò ní lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí obìnrin bá bímọ, gbogbo ènìyàn á kí i pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Wọ́n á gbé ọmọ, wọ́n á wò ó. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, "Ṣé ẹ rí oorun sùn?" Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà ṣe pàtàkì.

Àwọn ohun tí ẹ ó máa ṣe nìyí:

1. Oorun. Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìwúwo ilé ọmọ lè tẹ iṣan ńlá tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá ara yín lórí ẹ̀yìn, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kàn yí padà. Lẹ́yìn ìbímọ, ìkókó máa ń mu ọyàn tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Nítorí náà, bí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, kí ìyá náà sùn. Abọ́ àti aṣọ fífọ̀ lè dúró.

2. Ìmọ́lẹ̀ àti ìrìn. Ẹ máa jáde síta láàárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, dára fún ara àti ọkàn. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè ná.

3. Èémí. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ jókòó, ẹ fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì mí i síta pẹ́ ju bí ẹ ṣe fà á lọ. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

4. Obì, tíì àti kọfí. Ohun tí ń lé oorun lọ wà nínú wọn. Ẹ dín wọn kù, ẹ má sì jẹ wọ́n tàbí mu wọ́n ní ìrọ̀lẹ́.

5. Ìrànlọ́wọ́. Àṣà wa ni pé kí ìyá àgbà wá wẹ ọmọ. Àṣà rere ni. Kí bàbá ọmọ náà pọn omi, kí ó dáná, kí ó sì gbé ọmọ lẹ́yìn tó bá ti mu ọyàn tán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

NÍGBÀ TÍ ÌSINMI NÌKAN KÒ TÓ

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sunkún láìnídìí ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Èyí máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìyá kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ìyá bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ń sọ pé òun yóò pa ara òun tàbí ọmọ lára, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àbísínwín. Àìsàn ni, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Ó ní ìtọ́jú. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Ẹ dúró ti ẹni yín bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Báwo ni ó ṣe yẹ kí aboyún sùn láti oṣù keje?
2. Iṣẹ́ wo ni ẹlòmíràn nínú ilé lè bá ìyá ìkókó ṣe?
3. Àmì wo ni a kò gbọ́dọ̀ fi di ọ̀la?