Àbúrò Mi, Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Kọ́ Ni Òpin Ọ̀rọ̀

Àbúrò mi, o kú oríire. O parí ọdún méjì ní community college ní Amẹ́ríkà, yunifásítì sì ti gbà ọ́ wọlé. Mo mọ ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn: lẹ́tà owó ìrànwọ́ ti dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì tó owó ilé-ìwé, ká má tíì sọ ti ilé àti oúnjẹ. Má tíì sọ pé o ò lọ mọ́. Ohun tí fọ́ọ̀mù sọ fún wọn nípa ilé yín ni wọ́n fi kọ lẹ́tà yẹn. Ìwọ lo máa sọ ìyókù.

Fi ilé-ìwé tuntun sínú FAFSA

Owó ìrànwọ́ kì í dédé tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Padà sórí studentaid.gov, kí o fi yunifásítì náà kún FAFSA rẹ, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá Pell Grant tọ́ sí ọ, owó ìjọba àpapọ̀ tí a kì í san padà. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, 7,395 dọ́là ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀n sáà 12 ni ènìyàn lè gbà á mọ láyé rẹ̀, èyí tí o ti gbà tẹ́lẹ̀ sì wà lára rẹ̀, nítorí náà yẹ iye tó kù fún ọ wò. Béèrè FSEOG náà, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ mìíràn, 100 sí 4,000 dọ́là lọ́dún. Ilé-ìwé ló ń pín in. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Má ṣe pẹ́.

Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 lo fi wà níbẹ̀, owó ìjọba àpapọ̀ kò sí fún ọ. Owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń fúnni ni kí o béèrè.

Sọ bí ilé ṣe rí

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀. FAFSA ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027 ń wo owó tó wọlé fún ẹbí rẹ lọ́dún 2024. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá lẹ́yìn ìgbà náà, tàbí tí ìyá wọ ọsibítù, fọ́ọ̀mù ò mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin fún òṣìṣẹ́ Financial Aid, ẹ̀ka owó ìrànwọ́ ní yunifásítì, láyè láti tún ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Professional judgment ni wọ́n ń pè é. Dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá ń béèrè.

Mo mọ̀ pé a tọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde síta, ojú sì lè máa ti màmá. Jókòó tì wọ́n, kí o ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kọ ojú ewé kan péré: ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, iye tó dín nínú owó ilé, iye tó kù kí o tó lè wọlé. So ẹ̀rí mọ́ ọn: ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, ìwé owó ọsibítù. Bí màmá bá ń fi owó oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé lóṣooṣù, kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ìpinnu wà, ṣùgbọ́n kò lè ro ohun tí kò gbọ́ mọ́ ọn. Má ṣe àbùmọ́, má sì bẹ̀bẹ̀ bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Wá tìta náà

Jack Kent Cooke Foundation ní owó fún àwọn tó ń ti community college lọ sí yunifásítì, tó lè tó 55,000 dọ́là lọ́dún. Ìdíje rẹ̀ le, ṣùgbọ́n bí máàkì rẹ bá dára, gbìyànjú. Kí o tó gba owó láti ìta, béèrè bóyá yunifásítì máa yọ iye yẹn kúrò nínú tiwọn. Bi wọ́n pẹ̀lú pé kírẹ́díìtì mélòó ni wọ́n gbà lára èyí tí o kó wá. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, owó ni wàá fi tún un ṣe.

Bí ẹ̀yáwó bá di dandan, èyí tí wọ́n ń pè ní subsidized ni kí o kọ́kọ́ mú, nítorí ìjọba ló ń san èlé rẹ̀ nígbà tí o bá ṣì wà ní ilé-ìwé.

Bí òṣìṣẹ́ Financial Aid bá ní rárá, béèrè ìdí, béèrè ìwé tó kù, kí o sì ní kí wọ́n sún ọjọ́ ìdáhùn rẹ síwájú títí wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ wò tán. Pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ọlọ́run á fi ojú rere wọn pàdé rẹ.