Níbi Tó Ti Dùn Jù Ni Kí Ẹ Dúró: Ìwé Kíkà Pẹ̀lú Ọmọ Nígbà Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ní ìparí oṣù Keje, ariwo ọmọ a gba ilé kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ a dùn. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ti wo fóònù títí ojú á fi máa ta wọ́n, wọ́n á wá máa yí kiri pálọ̀ pé àwọn ò rí nǹkan ṣe. Òbí tí apá rẹ̀ ká a á fi tiẹ̀ sí kíláàsì ìgbà ìsinmi, kó lè tún lọ kọ́ ìṣirò. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìṣẹ́jú 20 lálaalẹ́, ìwé ìtàn kan, àti sùúrù láti dúró níbi tí ìtàn bá ti dùn jù. Ibi tí ẹ bá ti dúró yẹn ni ọkàn ọmọ ti máa gbéra.

Inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Bàbá arúgbó kan ló wá bá òǹkọ̀wé, tó ní kó mú ohun ìkọ̀wé kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Àkàrà-ògùn ni bàbá náà. Kò sọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Bó bá sọ ọ́ dé ibìkan, á dìde, ó di ọjọ́ mìíràn. Nígbà tó bá sì padà dé, èrò tó ń dúró dè é á ti pọ̀ sí i. Olùkọ́ ni Fágúnwà. Ó mọ ohun tí ìdúró ń ṣe lọ́kàn ẹni tó ń gbọ́ ìtàn.

Yíyan ìwé

Ẹ tẹ́ ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí ẹní, kí ọmọ fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan. Kò di dandan kó jẹ́ tuntun. Ti àlòkù náà dára, bí ojú ewé rẹ̀ bá ṣáà ti pé. Kó ka ojú ewé kan sókè, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò yé e. Bí ìka márùn-ún bá ká tán kó tó dé ìsàlẹ̀, ẹ má gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á fún un.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá, Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Fágúnwà ń fẹ́ àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, torí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀, àkọtọ́ àtijọ́ ló sì wà nínú ẹ̀dà tó ti pẹ́: “aiye” fún ayé, “enia” fún ènìyàn. Ẹ ti ka ti alẹ́ sínú lọ́sàn-án, kí ahọ́n yín má baà kọsẹ̀ níbi tó yẹ kó ti máa sáré. Fún àwọn tó ti ń bàlágà, ẹ wá ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kọ́lá Akínlàdé, bíi Owó Ẹ̀jẹ̀ àti Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?

Alẹ́ ni kó jẹ́

Àwọn àgbà kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, wọ́n sì mọ ìdí. Ní oṣù Kẹjọ, ojú ọjọ́ tutù, àgbàdo sì wà níta. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ gbé àgbàdo sísè sáàárín, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ tan àtùpà, ẹ máa kà lọ; òkùnkùn ẹ̀yìn àtùpà yẹn á bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ má sáré, ẹ má sì jẹ́ kí ohùn iwin jọ ti ọmọdé. Bí ọdẹ bá wá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan há ojú ewé náà, ẹ pa ìwé dé. Wọ́n á pariwo, wọ́n á bẹ̀ yín. Ẹ má gbà.

Ohun tí ẹ ó bi í

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ka ti Àgbákò nínú ìwé Fágúnwà yẹn, iwin tó dé fìlà irin, tó wọ ẹ̀wù bàbà, tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, mo ṣe àṣìṣe kan: mo mú fóònù, mo fẹ́ wá àwòrán rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ bò ó. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí n rí i. Mo ti ń rí tèmi.”

Lọ́jọ́ kejì ó fi ṣọ́ọ̀kì ya Àgbákò sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú mẹ́jọ là, mẹ́jọ dì. Mo bi í léèrè. Ó ní mẹ́jọ ń sùn, mẹ́jọ ń ṣọ́nà, torí ẹni tó ní ọ̀tá púpọ̀ kò lè sùn tán. Èyí kò sí nínú ìwé o! Òun ló rí i.

Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ ní ìbéèrè ìdánwò. Ẹ bi í pé: Ibo lo rò pé ó ń lọ? Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́? Kí ni iwin náà ń rò? Bí èsì rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ẹ má ní kò gbà á. Ẹ ní, “Ó dáa, a ó rí i lọ́la.” Tó bá jẹ́ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ fi rọ́bà di orí tó gbẹ̀yìn pa. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tó fura sí sínú bébà, kó ká a sínú ife, kí ẹ tó tú rọ́bà náà.

Kí ọmọ náà di akọ̀wé

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé 40 fún un. Bí ẹ bá lọ kí màmá àgbà, tàbí tí ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa àlọ́ Ìjàpá kan, kí wọ́n dá a dúró láàárín. Kí ọmọ kọ èyí tí màmá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó wá fi tirẹ̀ parí rẹ̀. Ẹ má mú bírò pupa sún mọ́ ìwé yẹn. Àmì ohùn àti sípẹ́lì á dúró de ilé ẹ̀kọ́.

Bí wọ́n bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án tí ìwé ìtàn kò tíì parí, ẹ má fi ipá kà á tán lóru ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn wà níbi tó wà. Tó bá sì di alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ ṣí ìwé, tí ọmọ ní, “Ẹ dúró ná, mi ò tíì parí tèmi,” ẹ pa á dé, kí ẹ jókòó gbọ́ tirẹ̀.