Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Kílò Mélòó Ni Owó Wa Rà?

Ọ̀rọ̀ gáàsì ìdáná la fẹ́ jọ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ àpapọ̀ wa ló ti ń da owó jọ láti rà á lọ́pọ̀ fún ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tó dára ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọjà tí a rà lọ́pọ̀, bí a bá ṣì í rà, àdánù rẹ̀ náà á pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan láàárín wa kó sílíńdà 40 jọ, oníkílò 12.5 ni gbogbo wọn. Ìgbìmọ̀ wá olùtajà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, inú gbogbo wa sì dùn. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó ń din àkàrà tà láàárọ̀. Ìyá yìí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná rẹ̀, ìlà kan fún òwúrọ̀ kan. Nígbà tí oṣù kejì pé, ó dìde ní ìpàdé, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlà 12 ni sílíńdà mi máa ń gbé tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń ra ti ẹgbẹ́, ìlà 11 ló ń gbé. Ẹ bá mi wò ó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akápò kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, ó sì wọn sílíńdà 10 nígbà tí ọkọ̀ kó wọn dé. Kò sí ọ̀kan tó pé nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí kílò 1 dín. A kò sì rí owó oṣù méjì tó ti kọjá gbà padà, nítorí pé àwa fúnra wa ti fọwọ́ sí ìwé pé ọjà pé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kó sílíńdà wọn kúrò, wọ́n ní àwọn á máa dá ra tiwọn. Ìyẹn ló dùn wá jù. Gáàsì tó dín ṣeé tún rà, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kò sí lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ 28 ní ìlú Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní oṣù Ọ̀pẹ 1844, wọn kò ní ju bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, oúnjẹ ọkà àti àbẹ́là díẹ̀ lọ. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn wọn ni pé ọjà wọn kò ní àdàlù, òṣùwọ̀n wọn sì pé. Ìlànà yẹn ni àwa náà jogún.

1. Kí ni à ń rà gan-an?

Gáàsì ìdáná, èyí tí a ń pè ní LPG, jẹ́ àdàpọ̀ ohun méjì: propane àti butane. Nínú sílíńdà, omi ni, nítorí pé a fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá ṣí ẹnu sílíńdà, díẹ̀díẹ̀ ni omi náà ń di atẹ́gùn tó ń jó lórí àdògán. Lítà 1 omi yìí lè di ohun tó lé ní lítà 200 bó bá ti di atẹ́gùn. Ìdí nìyí tí jíjò díẹ̀ fi lè kún yàrá kan.

Ohun tí a ń sanwó fún ni ìwúwo, kílò kọ̀ọ̀kan. Títóbi sílíńdà kọ́, gbígbọn ún létí kọ́, bó ṣe wúwo lójú ẹni tó gbé e kọ́. Ẹni tó bá sọ fún wa pé "sílíńdà kan, iye báyìí," tí kò sọ iye kílò, kò tíì sọ iye owó fún wa.

2. Bí a ṣe ń wọn ọ́n

Lára ọrùn sílíńdà ni wọ́n ti tẹ ìwúwo òfìfo rẹ̀ sí. Àmì T.W. tàbí TARE sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní 14.2 la rí níbẹ̀. Bí a bá rọ kílò 12.5 sí i, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 26.7 lórí òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ 25.7, kílò 1 ti sọnù nìyẹn.

Sílíńdà kì í sábà gbẹ tán pátápátá kí a tó gbé e lọ. Nítorí náà, ẹ wọn ọ́n kí wọ́n tó rọ gáàsì sí i, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ 14.9 ṣáájú, tó wá di 26.7, kílò 11.8 ni wọ́n tà fún wa, kì í ṣe 12.5. Ìyókù, tiwa ni tẹ́lẹ̀. Iye èyí tí wọ́n tà nìkan ni kí a san.

Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣeé dán wò. Lítà 1 omi mímọ́ wọn kílò 1. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lé òṣùwọ̀n, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá bu lítà 20 omi sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò onílítà 1, kí ẹ sì tún un gbé lé e. Àlékún rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 20. Olùtajà olóòótọ́ kò ní bínú sí èyí. Ẹni tó bá bínú ti dá wa lóhùn ìbéèrè tí a kò tíì bi í.

Ìkìlọ̀ kan: gáàsì kì í ní èènì. Bí olùtajà bá ní òun fẹ́ bu díẹ̀ sí i fún wa ju bí sílíńdà ṣe lè gbà lọ, ẹ má gbà. Oòrùn máa ń mú kí omi gáàsì wú nínú sílíńdà, ó sì gbọ́dọ̀ rí àyè tí yóò wú sí.

3. Ìṣirò àfiwé

Ẹ mú bírò àti ìwé. Àpẹẹrẹ ni àwọn owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, kì í ṣe iye ọjà lónìí. Sílíńdà 40 oníkílò 12.5 la fẹ́ rọ gáàsì sí. Kílò 500 nìyẹn.

Olùtajà kìíní: ₦1,000 ni kílò kan. A ó gba ọkọ̀ fúnra wa ní ₦20,000. Òṣùwọ̀n rẹ̀ pé. Owó gáàsì ₦500,000, àpapọ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ ₦520,000. Pín in sí kílò 500: ₦1,040 ni kílò kan.

Olùtajà kejì: ₦960 ni kílò kan, ọkọ̀ ₦20,000. Àpapọ̀ ₦500,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọn ọ́n, kílò 11.5 ló wà nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kílò 460 péré la rí gbà. Pín ₦500,000 sí 460: ó lé díẹ̀ ní ₦1,086 ni kílò kan.

Olùtajà kẹta: ₦1,030 ni kílò kan. Òun ló ń gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́, kò gba owó ọkọ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì pé. ₦515,000 pín sí 500: ₦1,030 ni kílò kan.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí owó rẹ̀ wọ́n jù lẹ́nu ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ìwé. Ẹni tó sì dà bí ọ̀rẹ́ wa ló ń gba nǹkan bí ₦57 lé lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Lórí sílíńdà kan, ìyẹn ju ₦700 lọ. Òfin ìṣirò náà kò ju èyí lọ: gbogbo owó tó jáde lápò ẹgbẹ́, pín in sí iye kílò tó wọlé ní tòótọ́.

4. Ọ̀rọ̀ àwìn

Ká ní olùtajà kẹta sọ pé: "Ẹ kó o lọ, kí ẹ sanwó lẹ́yìn oṣù kan, ₦1,070 ni kílò kan." Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ₦40 ló fi kún kílò kọ̀ọ̀kan. Lórí kílò 500, ₦20,000 ni. Èlé ni èyí lórí ₦515,000 fún oṣù kan ṣoṣo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́bọ̀ 4 lórí náírà kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ní kọ́bọ̀ 1 lórí náírà 1 lóṣù, ₦5,150 ni èlé owó kan náà yóò jẹ́. Ọwọ́ ẹgbẹ́ sì ni èlé ọ̀hún yóò wà, tí yóò padà di ìpín èrè fún wa. Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ sì san owó ọjà lójú ẹsẹ̀. Àjẹṣẹ́kù là ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí a máa kó ìyókù fún alájàpá.

5. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé táńkì kalẹ̀ fún wa

Ẹgbẹ́ tó tóbi lè fẹ́ ní táńkì tirẹ̀, kí ọkọ̀ máa wá já gáàsì sínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kò pọn dandan.

Àwọn olùtajà kan lè sọ pé àwọn á gbé táńkì kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìlà tó kẹ́yìn. Bí táńkì bá jẹ́ tiwọn, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan la ó máa rà, ní iyekíye tí wọ́n bá pè é.

Ìrírí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ní ìgbèríko wọn, níbi tí páìpù gáàsì kò dé, àwọn onílé máa ń ní táńkì LPG lẹ́yìnkùlé láti fi mú ilé gbóná nígbà òtútù. Propane ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí pé ó ṣì ń di atẹ́gùn títí òtútù fi dé ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, nígbà tí butane ti ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí òdo. Ìwádìí ìjọba kan tó parí ní 2006 rí i pé ó ṣòro fún àwọn onílé wọ̀nyí láti yí olùtajà padà, nítorí pé olùtajà ló ni táńkì. Àṣẹ tó tẹ̀lé e fi òpin sí i: àdéhùn tó de onílé mọ́ olùtajà kan kò gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ. Bí àwọn tó ní òfin láti dáàbò bò wọ́n bá lè há sọ́wọ́ olùtajà, kí àwa náà ṣọ́ra. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn yín kúrú, kí ọ̀nà àbájáde sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń gbé lọ́hùn-ún yóò ṣàkíyèsí pé lítà ni wọ́n fi ń ta ti inú táńkì. Lítà 1 propane kò ju nǹkan bí ìlàjì kílò lọ. Ẹ má fi iye lítà wé iye kílò láìṣe ìṣirò.

6. Kí ló ń mú kí owó gáàsì máa lọ sókè sódò?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí owó bá gòkè ni olùtajà ń rẹ́ wa jẹ. Ilé iṣẹ́ NLNG ní Bonny bẹ̀rẹ̀ sí í kó LPG fún ọjà ilẹ̀ wa ní 2007, ó sì kéde ní 2022 pé gbogbo propane àti butane tí òun ń ṣe yóò máa wá sí ọjà Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tún ń kó òmíràn wá láti òkè òkun. Nítorí náà, iye tí a ń ṣẹ́ dọ́là àti iye gáàsì lọ́jà àgbáyé máa ń kàn wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ọkọ̀ láti èbúté Èkó dé Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí yóò béèrè iye owó lọ́wọ́ olùtajà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe ti ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí àti ti ẹlòmíràn lóṣù tó ń bọ̀.

7. Ohun tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè

(a) Èló ni kílò kan, títí di ọjọ́ wo ni iye náà yóò sì dúró?
(b) Ta ni yóò san owó ọkọ̀ àti owó àwọn tí yóò já ẹrù?
(d) Ṣé a lè fi òṣùwọ̀n tiwa wọ̀n ọ́n kí a tó fọwọ́ sí ìwé?
(e) Bó bá dín, ṣé yóò fi kún un ni, àbí yóò dá owó padà?
(ẹ) Ṣé ó ní ìwé àṣẹ, yóò sì fún wa ní rísíìtì tí iye kílò wà lórí rẹ̀?

Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kì í ṣe ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wọn ọjà, kí a sì lẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara pátákó ẹgbẹ́. Ní ilé yín pẹ̀lú, ẹ gbé sílíńdà dúró lórí ìdí rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Gáàsì yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń bá lọ bó bá jò. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wá ibi tó ti ń jò. Ẹ má ṣe ṣá iná sí i láé.

Iṣẹ́ fún ìpàdé yín tó ń bọ̀

Olùtajà kan ní ₦1,010 ni kílò kan. Owó ọkọ̀ ₦15,000. A sanwó kílò 500, òṣùwọ̀n wa fi hàn pé 490 ni. Èló ni kílò kan ní tòótọ́? Ṣé ó sàn ju olùtajà kẹta òkè yìí lọ? (Ìdáhùn: nǹkan bí ₦1,061. Kò sàn jù ú lọ.)

Ẹ tún bi ara yín ní ìbéèrè yìí: ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tó ń fa ìlà sára ògiri, tí a kò sì tíì gbọ́ tirẹ̀? Ìyá alákàrà wa ti wà nínú àwọn tó ń dúró ti òṣùwọ̀n báyìí. Nígbà tí a ṣe ìpàdé kẹ́yìn, ó ní ìlà òun ti padà di 12.