Ojú Ń Yàn, Kámẹ́rà Ń Kó

Ẹni tí ó bá gun Òkè Olúmọ dé ṣóńṣó, tí ó na fóònù rẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbi, tí ó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, tí ó sì padà délé láti wo ohun tí ó yà, kì í pẹ́ tí yóò fi bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni ẹwà tí òun rí wọlé sí: àwọn òrùlé páánù tí ó ti dípẹtà ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, odò Ògùn ti di okùn tín-ín-rín, àpáta ńlá tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi nígbà ogun ti di òkúta kékeré ní igun kan, òfuurufú sì ti funfun láìní ìkúùkuu kankan nínú. Fóònù náà kò bàjẹ́, ẹni tí ó yà á kò sì fọ́jú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ènìyàn a máa yàn, kámẹ́rà a sì máa kó. Nígbà tí a bá dúró lórí òkè, ọkàn wa a mú èyí tí ó wù ú, a sì gbàgbé wáyà iná, ọ̀rá omi tí wọ́n sọ nù àti orí ẹni tí ó dúró níwájú wa; ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò mọ àyànfẹ́, tọ̀tún tòsì ni yóò kó sínú. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ ẹni tí ń ya ilẹ̀ àti òkè ní fọ́tò kò ju pé kí ó máa bá kámẹ́rà yàn, kí ó tó tẹ̀ ẹ́, àti lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Fọ́tò tí ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí ó ṣì wà láyé títí di òní, òrùlé ni ó wà nínú rẹ̀. Ará ilẹ̀ Faransé kan, Joseph Nicéphore Niépce, ni ó gbé àpótí kámẹ́rà rẹ̀ sí ojú fèrèsé òkè ilé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1826 tàbí 1827, tí ó sì ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ràn sára ògiri ọ̀tún àti ti òsì nínú àwòrán kan ṣoṣo. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, nítorí náà a lè sọ pé ìlú Abẹ́òkúta àti iṣẹ́ fọ́tò, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí yóò jókòó ti àwòrán kan láti àárọ̀ di ọjọ́rọ̀ yóò ti ro ohun tí ó fẹ́ yà dáadáa. Àwa tí a lè tẹ fóònù nígbà ogún kí a tó mí lẹ́ẹ̀kan, ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni ó ń bà wá jẹ́.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi ara yín pé kí ni ẹ fẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òrùlé náà ni ó wù yín, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gba ibi tí ó pọ̀ jù, kí òfuurufú má ju pẹ́ńpẹ́ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìkúùkuu òjò tí ó ṣú ni, ẹ yí i padà, ẹ fún sánmà ní àyè. Ẹni tí ó bá pín in ní ìdajì sí ìdajì kò tíì pinnu, ẹni tí ń wò ó yóò sì mọ̀. Láti ọdún 1797 ni ọ̀gbẹ́ni ará Ìlú Ọba kan, John Thomas Smith, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí àwọn tí ń fi ọ̀dà ya ilẹ̀ máa pín àwòrán wọn sí mẹ́ta, kí apá kan jẹ́ ti ohun kan, kí apá méjì jẹ́ ti òmíràn. Èyí ni ó di ìlà méjì ní ìbú àti méjì ní òró tí a lè pè jáde lójú fóònù òde òní. Ó wúlò fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin tí a ń tìtorí rẹ̀ ránni lọ sẹ́wọ̀n.

Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ ni kí ẹ lò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ibì kan kò tó láti wo òkè. Ẹni tí ó dúró lórí Olúmọ kò lè ya Olúmọ; kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó rìn jìnnà díẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wá ibi tí àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta yóò ti máa fa ojú ẹni lọ sókè. Awò fóònù tí ń rí ibi gbígbòòrò a máa ti ohun tí ó jìnnà sẹ́yìn, èyí ni ó ń sọ òkè di òkìtì. Ẹni tí ó bá sì fi ìka méjì fa ojú fóònù kí ohun náà lè tóbi, ní ọ̀pọ̀ ìgbà àwòrán náà ni yóò pa, nítorí fífẹ̀ ni ó ń fẹ̀ ẹ́, kò sún mọ́ ọn rárá. Ẹ fi ohun kan síwájú tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, bí ènìyàn tí ń gun àtẹ̀gùn, títóbi àpáta náà yóò sì hàn kedere. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún, ẹ má sì kọjú fóònù sí ojúbọ láìjẹ́ pé àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ti ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣòro jù. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í fi ẹ̀lẹ̀ wọ̀. Nítorí pé a súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, gbọnrangandan ni ó ń bọ́ sílẹ̀, kò rí bí àwọn ará wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba ti ń rí i kí ó máa yọ́ rìn ní ẹ̀gbẹ́ sánmà fún ìgbà pípẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rírẹ̀dòdò tí ń mú gbogbo ìhà àti kòtò ara àpáta yọ jáde kì í sábà tó wákàtí kan ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán gangan, òjìji a sá wọ abẹ́ ohun gbogbo, àpáta a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan a máa bú ìgbà ọyẹ́ nítorí eruku rẹ̀, èmi kò sí lára wọn: ẹ lọ wo àwọn òkè Ìdànrè nígbà náà, bí èyí tí ó wà lẹ́yìn ti ń rẹ̀ ju èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ, títí èyí tí ó jìnnà jù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù sínú sánmà. Ẹni tí ó bá sì ń wá àwọ̀ tí ó mọ́ kedere, kí ó jáde ní kété tí òjò bá dá.

Ní ọdún 1941, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ansel Adams ń wakọ̀ kọjá ní ìpínlẹ̀ New Mexico nígbà tí ó rí abúlé kékeré kan, Hernandez, tí òṣùpá ti yọ lókè rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn oòrùn sì ń tàn sára àwọn àgbélébùú funfun inú itẹ́ òkú rẹ̀. Ó dá ọkọ̀ dúró lójijì, ó wá ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò rí i. Ṣùgbọ́n ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ti tó, ó sì fi ìyẹn ṣírò. Kí ó tó ya èkejì, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Ìyára rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yìn, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni mo kà sí ẹ̀kọ́ jù. Nínú àwọn ẹ̀dà tí ó kọ́kọ́ tẹ̀, ìkúùkuu fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì hàn lókè òṣùpá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ó ń tẹ òmíràn nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó ń mú òfuurufú náà dúdú sí i, títí òṣùpá fi dá nìkan wà nínú òkùnkùn ńlá náà. Kò fi òṣùpá tí kò sí níbẹ̀ sí i, kò sì gbé abúlé kan kúrò. Yíyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀bá títì ni ó ń bá lọ nínú yàrá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe lórí fóònù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú ojúlówó àwòrán náà síbì kan. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ìlà ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀. Omi kì í gun òkè, ọ̀sà Èkó tí ó bá sì dagun nínú fọ́tò a máa dun ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú yí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, ẹ gé wáyà àti ìdajì apá ènìyàn tí ó yọ wọlé dànù. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ibi tí ó mọ́ jù kù, ẹ gbé ti inú òjìji sókè díẹ̀. Bí sánmà bá ti funfun pátápátá nígbà tí ẹ yà á, kò sí àtúnṣe tí yóò mú ìkúùkuu padà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ ti fi ìka tẹ ojú sánmà lórí fóònù, kí ẹ sì fà á kí ó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ tó yà á rárá.

Àwọ̀ ni kí ó kẹ́yìn, kí ó sì kéré jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ti rí fọ́tò Abẹ́òkúta tí wọ́n fi àwọ̀ kùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí bí ìyàwó tí wọ́n lẹ àtíkè mọ́ lójú títí ìyá tí ó bí i kò fi dá a mọ̀: páánù tí ó ti dípẹtà di pupa fòò, koríko di ohun tí ewúrẹ́ pàápàá yóò sá fún. Kò burú lójú mi bí ẹ bá nu ọ̀rá omi kan kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá nu òpó tẹlifóònù àti ilé alájà mẹ́ta kúrò, tí ó sì ń sọ pé bí ìlú náà ti rí nìyẹn, irọ́ ni ó ń pa, bí irọ́ náà tilẹ̀ lẹ́wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìdajì nínú ohun tí ẹ ṣe lálẹ́ ni ẹ ó dín kù fúnra yín.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, nítorí bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, yóò fún un pọ̀, yóò sì pàdánù ohun púpọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá sì jẹ́ orí bébà ni ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ rántí pé ojú fóònù ní iná tirẹ̀ lẹ́yìn, bébà kò ní. Àwòrán tí ó dára lójú fóònù a máa ṣókùnkùn lórí bébà. Ẹ mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín tẹ kékeré kan wò, kí ẹ tó sanwó èyí tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri.