Ìkìlọ̀ fún Tọkọtaya Tó Fẹ́ Fi Kámpà Rìnrìn Àjò: Ilé Ni, Ọkọ̀ Sì Ni

Bí ìgbà ooru bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà, irú ọkọ̀ ńlá kan a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú títì: ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìdáná, ó ní fíríìjì, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní kámpà, àwọn mìíràn ń pè é ní RV. Àwọn èèyàn wa kan ní Houston, Atlanta àti Maryland náà ti ń háyà rẹ̀, pàápàá àwọn tọkọtaya tí ọmọ ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ wo òkè àti igbó, kí àwọn máa sùn ní ọgbà ìpàgọ́, kí owó hòtẹ́ẹ̀lì má pa àwọn.

Kò burú. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán láti ọjọ́ yìí wá yẹ kó jáde lọ gbatẹ́gùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó ń fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kì í ráyè sọ: ilé ni kámpà, ọkọ̀ sì ni. Ibi tí ewu rẹ̀ ti ń wá ni kí èèyàn rántí ọ̀kan kó gbàgbé èkejì. Lójú ọ̀nà, a ó gbàgbé pé ilé là ń wà kiri. Tí a bá ti gúnlẹ̀ tán, a ó gbàgbé pé inú ọkọ̀ la sùn sí.

Ní ìlú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, afárá rélùwéè kan wà tó sọdá òpópónà Gregson. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínṣì 8 péré ni àlàfo abẹ́ rẹ̀. Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, wọ́n tún gbé irin gbọọrọ kan dábùú síwájú afárá náà. Síbẹ̀, ẹnì kan tó fi kámẹ́rà sí ìtòsí ibẹ̀ ya fídíò ọkọ̀ háyà àti kámpà lóríṣiríṣi tí wọ́n ń forí gbá a, tí òrùlé wọn ń ká kúrò bí ìdérí agolo sàdíìnì. Lọ́dún 2019, wọ́n gbé afárá náà sókè sí ẹsẹ̀ bàtà 12 àti ínṣì 4. Àwọn awakọ̀ ò tíì jáwọ́ nínú gbígbá a.

Ọ̀pọ̀ kámpà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 13, ẹ sì ní láti ka ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí òrùlé mọ́ ọn. Ẹ béèrè gíga ọkọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó rántí. Tí afárá bá yọ sí yín lóru, tí òjò ń rọ̀, tí tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn yín, kò sẹ́ni tó máa rántí nǹkan kan.

Máàpù fóònù tí ẹ fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ kò mọ̀ pé kámpà lẹ wà. Ó lè darí yín gba àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní parkway ní agbègbè New York, èyí tó jẹ́ pé ọkọ̀ kéékèèké nìkan ni wọ́n là á fún. Ní Glacier National Park ní ìpínlẹ̀ Montana, ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ, tàbí tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, kò gbọ́dọ̀ gun apá òkè Going-to-the-Sun Road. Ẹ̀gbẹ́ kan àpáta ni, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀gbun. Kí àwọn ará Maryland náà tẹ́tí: àwọn ọ̀nà abẹ́ omi tó gba Baltimore kọjá ní òfin tó le lórí ọkọ̀ tó ru gáàsì ìdáná, bíi kámpà yín. Afárá Francis Scott Key ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan sì ti wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Apá ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà I-695 ni kí ẹ gbà yí ìlú náà ká.

Ọ̀rọ̀ táyà kò ní gùn, torí ẹni tó bá ti ra táyà tòkúnbọ̀ rí nílé á ti mọ apá kan nínú rẹ̀. Kámpà máa ń dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù, táyà rẹ̀ á máa kú láìrìn. Eyín rẹ̀ á ṣì jinlẹ̀, á máa dán, ó sì ti gbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ ó rí lẹ́tà DOT lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e ni ọjọ́ orí táyà: 2318 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ inú ni nọ́ńbà náà máa ń wà, ẹ ó sì ní láti rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ rá wọ ibẹ̀. Táyà tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn. Ẹ sì ṣọ́ ẹrù, torí mo mọ̀ wá. Gálọ́ọ̀nù omi 40 nìkan wúwo ju páùn 330 lọ, kí a tó wá kan odindi iṣu mẹ́fà, àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbé wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nítòsí ibẹ̀.

Wàyí o, ẹ ti gúnlẹ̀. Ẹ ti dáná, ẹ ti jẹun, òtútù òkè ti ń mú. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà rí á ti gbọ́ nípa ẹbí tó tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ilẹ̀ kò mọ́ bá. Èéfín olóró tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Nínú ilé tó ní yàrá mẹ́ta, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ká èèyàn mọ́. Nínú kámpà tí ẹ ti ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí òtútù, ààyè ò sí. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sùn. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbé kiri ni, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ẹ wo ti aládùúgbò pẹ̀lú, torí èéfín rẹ̀ kì í béèrè ilẹ̀kùn ẹni tó ni ín kó tó wọlé. Ẹ má fi sítóòfù yáná. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọlé, kódà bó ti ń kú lọ.

Àwa Yorùbá ní ìṣòro kan. Bí èéfín yìí bá ń mú èèyàn, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, á rẹ̀ ẹ́. Kí la máa ń pe ìyẹn? Ibà. A ó lo Panadol, a ó bora, a ó sùn, oorun yẹn ló sì ń pani. Ẹ ṣọ́ èyí: tí orí ẹ̀yin méjèèjì bá ń fọ́ nígbà kan náà, tí ara yín sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá bọ́ síta, kì í ṣe ibà. Ẹ jáde, ẹ má padà wọlé, ẹ pe 911.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú kámpà tó máa ń ké bó bá kẹ́fín èéfín náà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ tó gba ọkọ̀, kí ẹ gbọ́ igbe rẹ̀ létí ara yín, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ó ní ọdún tí yóò kú. Èkejì rẹ̀, tó ń ṣọ́ gáàsì ìdáná, sábà máa ń wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, nítorí gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ́ sí. Wọ́n ti fi òórùn ẹyin jíjẹrà sí gáàsì náà kí á lè mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn. Ẹ bọ́ síta, ẹ ti ojú gáàsì pa níta. Kí ẹ sì máa pa á kí ẹ tó yà sí ilé epo.

Iná mànàmáná ọgbà ìpàgọ́ kò dọ́gba, òpó kan á gbé amp 30, òmíràn 50. Ẹ ra ẹ̀rọ kan tó ń dáàbò bo nǹkan lọ́wọ́ iná tó bá ṣàdédé lágbára jù. Rọ́bà omi mímu sábà máa ń jẹ́ funfun, èyí tí ẹ fi ń fọ táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ìyẹn náà tó.

Ẹ jẹ́ ká dé ẹ̀bá odò. Ibi tó máa ń wu tọkọtaya jù nínú ọgbà ìpàgọ́ nìyẹn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Ní òru ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2010, odò Little Missouri kún ya ọgbà ìpàgọ́ Albert Pike ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Èèyàn 20 ló kú, ojú oorun ni omi sì ká ọ̀pọ̀ wọn mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025, odò Guadalupe ní Texas gun òkè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 26 láàárín ìṣẹ́jú 45, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó gbé kámpà lọ tòun ti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó bá àgbàrá ọjọ́ wọ̀nyẹn lọ ní Texas lé ní ọgọ́rùn-ún. Omi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì péré lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kámpà kò sì ní ìpìlẹ̀ tó máa dì í mú.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi gíga tí ẹ máa sá lọ, kí ẹ mọ ọ̀nà rẹ̀ láìlo tọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ orúkọ káúńtì, orúkọ ọgbà àti nọ́ńbà ààyè yín sílẹ̀, torí ohun tí 911 máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn, ẹni tó ń gbọ̀n kì í rántí orúkọ ibi tí òun wà. Kí imú ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà àbájáde. Fóònù kì í ní nẹ́tíwọ̀kì nínú ọ̀pọ̀ àfonífojì wọ̀nyẹn, ẹ ra rédíò kékeré tó ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ ìjọba, NOAA Weather Radio, ẹ fi sílẹ̀ ní títàn bí òjò bá ṣú. Tó bá dún lóru, ẹ fi kámpà sílẹ̀ tí ọ̀nà ò bá mọ́. Owó ẹlòmíràn ni kámpà náà, ẹ̀mí yín kọ́.

Ti ẹranko, mo rò pé òórùn oúnjẹ wa ló yẹ kó dẹ́rù bà yín jù. Imú béárì mú gan-an. Panla, irú àti ẹja gbígbẹ kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbàgbé sórí tábìlì níta. Ní Yellowstone National Park, òfin ni pé kí èèyàn jìnnà sí béárì tó mítà 91, kó sì jìnnà sí ẹfọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní bison tó mítà 23. Bison rọra ń jẹko bíi pé kò rí yín, àmọ́ òun ló ti ṣe èèyàn léṣe jù nínú ọgbà yẹn. Ẹ má wá fọ́tò. Ẹ má sì ru igi ìdáná láti ilé. Kòkòrò kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Michigan lọ́dún 2002, tó ti pa àìmọye igi ash, inú igi ìdáná ló ń gbà rìn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti máa dáná ni kí ẹ ti ra igi.

Mo fẹ́ bá àwọn bàbá sọ̀rọ̀ kí n tó dákẹ́. Ẹ lọ sí ọgbà ìpàgọ́ èyíkéyìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ó rí i: ọkọ wà nídìí ìdarí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀; ìyàwó wà lẹ́yìn, ó ń juwọ́; ọkọ ò rí i nínú díńgí, ó ń pariwo pé kí ló sọ; ìyàwó ń pariwo pé kó dúró; igi sì ti wọ ara ọkọ̀. Òfin kan ló yanjú rẹ̀: tí ẹ ò bá ti rí ara yín nínú díńgí, ẹ dúró. Ẹ lọ fi ààyè ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kọ́ ọ ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn.

Èyí tó ju ìyẹn lọ ni bàbá tó dá nìkan mọ gbogbo nǹkan. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ti gáàsì, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ wáyà iná, òun nìkan ló lè wa ọkọ̀ náà. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá dá a dùbúlẹ̀ nínú igbó tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, ta ló máa gbé e jáde? Ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó kúrò lọ́gbà àwọn tó ni ọkọ̀, ẹ wọ ipò awakọ̀, ẹ wà á yí ká, ẹ fi ọwọ́ ara yín ti ojú gáàsì kí ẹ sì tún un ṣí. Kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ìwé háyà gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì lè má dá a mọ̀. Bí wọ́n bá ní ọkọ nìkan làwọn máa kọ, ẹ gba owó yín padà, ẹ lọ háyà níbòmíràn.