Báwo Ni Aràn Tí Kò Lójú Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Oúnjẹ Wà?

Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà mi kó èbù iṣu pamọ́ sẹ́yìnkùlé wa ní Ìgbẹsà níbí. Iṣu náà dára lójú. Ìgbà tá a gé e, abẹ́ èèpo ti dúdú yíká, ó sì ti gbẹ. Èyí tá a dà nù lé ní ìdajì. Ìyá àgbà ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Tíṣà Báyọ́lọ́jì wa ní rárá, aràn ni. Scutellonema bradys lorúkọ rẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, inú èbù ló sì máa ń bá dé oko tuntun.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé aràn báyìí kò lójú, inú òkùnkùn ilẹ̀ ló sì ń gbé. Ta ló ń júwe gbòǹgbò fún un? Òórùn ni. Gbòǹgbò máa ń tú kẹ́míkà sínú ilẹ̀, aràn á sì tọ̀ ọ́ lọ, bí àwa náà ṣe ń mọ̀ pé oníàkàrà ti ń dín ká tó yọ sí i.

Aràn tí wọ́n fi ń kọ́ nípa èyí jù lọ ni Caenorhabditis elegans. Kì í jẹ iṣu, bakitéríà inú èso jíjẹrà ló ń jẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri ara rẹ̀ jẹ́ 302 péré. Tiwa lé ní bílíọ̀nù 80. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í dúró lójú kan!

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe irinṣẹ́ kan. Wọ́n á da rọ́bà olómi sórí àwòṣe, tó bá dì, wọ́n á yọ ọ́ bí ìgbà téèyàn yọ ẹ̀kọ nínú abọ́. Àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín bí irun orí á ti wà lára rẹ̀. Wọ́n á fi omi ti aràn sínú ọ̀kan, ara rẹ̀ á há, imú nìkan ló máa yọ síta. Níwájú imú yẹn, omi tó ní òórùn àti èyí tí kò ní ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀nà tó kéré báyẹn omi kì í rú, torí náà wọn kì í tètè dàpọ̀ (èmi náà ò kọ́kọ́ gbà). Wọ́n á kàn pààrọ̀ èyí tó ń kan imú. Wọ́n ti fi èròjà kan sínú sẹ́ẹ̀lì aràn náà, tó fi jẹ́ pé èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ á tàn yòò lábẹ́ máíkíróskóòpù.

Chronis, Zimmer àti Bargmann ló gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì kan, AWC, kì í tàn tí òórùn oúnjẹ bá dé. Ìgbà tí òórùn bá lọ ló ń tàn! Àfi bíi pé ó ń sọ pé, "Mo ti ṣìnà," aràn á sì yíjú padà.

Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá. Ní Kenya, àwọn onímọ̀ fi bébà tí wọ́n ṣe látara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ di pòtétò kí wọ́n tó gbìn ín. Oògùn díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí bébà náà gbé, àmọ́ ìwádìí tó jáde ní 2022 fi hàn pé bébà náà fúnra rẹ̀ ń fa kẹ́míkà gbòǹgbò mọ́ra, aràn ò sì rí ọ̀nà mọ́. Ní Benin, wọ́n ti dán irú bébà bẹ́ẹ̀ wò lára èbù iṣu.

Ìyá àgbà ò ní bébà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́dún yìí, a kàn ń yẹ èbù kọ̀ọ̀kan wò kí a tó gbìn ín ni, a sì ti yọ méje sọ́tọ̀. Mo gé èèpo ọ̀kan wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Tíṣà ti gbà ká lo máíkíróskóòpù lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí aràn náà, kó wá.