Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Dé Ìdí Irun

Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò yín dáadáa, kí ẹ kà dé ẹẹ́ta, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí abẹ́ èékánná náà ṣe funfun, tó sì tún pọ́n padà lójú ẹsẹ̀. Bí ara bá le, kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì pàápàá ń fi èyí yẹ aláìsàn wò.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ tẹ̀ kúrò nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà lábẹ́ èékánná. Bí ẹ ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tún ya wọ ibẹ̀. Orí àwọn iṣan wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sínú iṣan ńlá. Bí títì márosẹ̀ ṣe ń yà sí òpópónà àdúgbò, tí òpópónà ń yà sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ènìyàn méjì kò lè jọ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ńlá ń pín sí kékeré, tí kékeré ń pín sí tín-ín-rín. Èyí tó kéré jù kò fẹ̀ tó ìdá 1 nínú 100 mìlímítà. Irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń tò kọjá níbẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní láti ká ara wọn kò kí wọ́n tó lè gba inú rẹ̀.

Ọdún 1628 ni William Harvey, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń ti inú ọkàn jáde, ó ń yí ara ká, ó sì ń padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ sínú iṣan tó ń gbé e padà. Ó ti kú kí Marcello Malpighi, ará Ítálì, tó fi maikirosikóòpù wo ẹ̀dọ̀fóró àkèré ní ọdún 1661, tó sì rí àwọn iṣan tín-ín-rín náà kedere.

Kí ni wọ́n wà fún? Ògiri iṣan ńlá nípọn, oúnjẹ kò lè gba ara rẹ̀ yọ. Ti iṣan tín-ín-rín kò ju ìnípọn sẹ́ẹ̀lì kan lọ. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn, ṣúgà àti omi ti ń yọ́ jáde lọ bá ẹran ara. Ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ara ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ kí ara lè kó o dànù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi gbogbo lára. Awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú wà lára ibi díẹ̀ tí wọn kò sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba ibẹ̀, a kò ní ríran kedere. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba ọ́síjìn tirẹ̀.

Ó ku irun. Nígbà tí ẹ bá ń ya irun, ẹ wá èyí tó tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ ó rí kókó funfun kékeré ní ìdí rẹ̀. Nígbà tó wà nínú awọ orí, kókó yẹn yí ẹran kíún kan ká, inú ẹran náà sì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká ń jẹ ohun tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá, wọ́n ń pín sí méjì-méjì, tuntun ń ti àgbà sókè. Bí wọ́n ṣe ń gòkè, èròjà líle kan tó ń jẹ́ kẹ́rátìn ń kún inú wọn, wọ́n sì ń kú. Àwọn òkú sẹ́ẹ̀lì yìí ni irun tí à ń rí, tó ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 gùn lóṣù. Ìdí nìyí tí àlùmọ́gàjí fi ń gé irun láìdun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á tu, yóò dun ni, nítorí iṣan ìmọ̀lára wà ní ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, òróró lè mú irun dán, kó má sì tètè já, àmọ́ kì í bọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ irun, ohun tí a sì jẹ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́. Ẹni tí kò jẹun tó dáa fún ìgbà pípẹ́, irun rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í re.

Ẹ tún wo iwájú orí ọmọ tí wọ́n di irun rẹ̀ le jù: awọ ibẹ̀ a fà, kókó wẹ́wẹ́ a sì yọ ní ìdí irun. Bí wọ́n bá ń fà á bẹ́ẹ̀ léraléra fún ọdún púpọ̀, ìdí irun lè di àpá, irun kì í sì í hù lójú àpá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin onídìrí, bí ọmọ bá ní orí ń dun òun, ẹ má kàn fún un ní pàrásítámọ́ọ̀lù kí ẹ ní kó fara dà á. Ẹ tú irun náà, kí ẹ sì tún un dì kó dẹ̀.